Kọfí tí Àlàájà ń sè bí àgbo: ṣé òun ló ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́?

Ìbéèrè

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọdún 61, Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ni ilé mi wà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ mi tó wà nílùú ọba máa ń fi kọfí lúbúlúbú ránṣẹ́ sí wa. Mo máa ń sè é nínú ìkòkò láàárọ̀ bí ẹni ń se àgbo, màá jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ silẹ̀, èmi àti bàbá wọn, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 68, la sì jọ ń bù ú mu. Bó bá tutù, a ó tún gbé e kaná. Ife méjì méjì lójúmọ́ ni, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àṣàlátù sọ pé kọfí máa ń sọ òpó ẹ̀jẹ̀ di líle bí igi. Ọmọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀, pé ife 25 lójúmọ́ pàápàá kò ṣe òpó ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn tún ní ńṣe ló ń fọ òpó ẹ̀jẹ̀, pé kí n rọra máa dín oògùn kù. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo mu ife kan tán, mo rìn dé kẹ́mísì kan lọ́nà Ọjà-Ọba, wọ́n wọn BP mi, ó jẹ́ 164/98. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?”

Ìdáhùn

Àlàájà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró di ìsàlẹ̀ ìwé ni màá kọ́kọ́ sọ: ẹ má jáwọ́ nínú oògùn yín. Ẹ má dín in kù, ẹ má fò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ má sì fi ohun mímu kankan rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ máa dín in kù lè fẹ́ràn yín dénú, àmọ́ irú ìmọ̀ràn yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Mo ń rí wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì dàgbà tó yín.

Ní ti kọfí, ọ̀rẹ́ yín kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ọmọ yín náà kò purọ́. Oníkálukú di ibì kan mú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí èmi rí nínú lẹ́tà yín, tí kò sí ẹni tó bá yín sọ ọ́ nínú wọn, ni ìkòkò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo òpó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ná. Àwọn tí à ń sọ yìí ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn lọ sí ọpọlọ, sí kíndìnrín, sí ẹsẹ̀, sí gbogbo ara. Ògiri wọn máa ń fà. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n á fẹ̀ díẹ̀ láti gbà á, wọ́n á tún sún kì padà láti tì í síwájú. Ẹ rántí rọ́bà kànnàkànnà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ fà á, á nà, ẹ fi í sílẹ̀, á padà sáyè rẹ̀. Ẹ fi í sínú oòrùn fún ọdún mélòó kan, á gan, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Òpó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń gan bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ń lọ, sìgá máa ń mú un yá, àtọ̀gbẹ máa ń mú un yá, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú ló sì máa ń mú un yá jù. Ìyẹn ni ohun kan. Ohun kejì yàtọ̀ sí i: ọ̀rá lè kó sínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, kí ògiri náà máa wú sínú, kí ojú ọ̀nà máa há. Àwọn èèyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀, èyí ló sì ń mú kí ọ̀rọ̀ kọfí dojú rú, nítorí ohun tí kọfí ń ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe sí ìkejì.

Ibí yìí náà ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé nǹkan kan “ń fọ òpó ẹ̀jẹ̀”. Ọ̀rá yẹn kò lẹ̀ mọ́ ojú ògiri bí ẹ̀gbin inú kẹ́tù tí ẹ lè fi kànìnkànìn ha kúrò. Inú ògiri náà gan-an ló wà, awọ fẹ́lẹ́ sì bò ó. Kò sí ohun mímu tó ń wọ ibẹ̀ lọ fọ̀ ọ́, kì báà jẹ́ kọfí, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí àgbo ìgò kankan tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀. Ohun tó ń dín ewu rẹ̀ kù ni kí ẹ̀jẹ̀ má ru jù, kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kí èèyàn má fa sìgá, kí ṣúgà wà níwọ̀n.

Ìwádìí tí ọmọ yín sọ wà lóòótọ́, mo sì dúpẹ́ pé ó kà á. Ọdún 2019 ni wọ́n gbé e jáde níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa àrùn ọkàn ní Manchester. Àwọn olùwádìí láti Queen Mary University of London ni wọ́n ṣe é. Èèyàn 8,412 ni wọ́n wò. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta: àwọn tí kọfí wọn kò pé ife kan lójúmọ́, àwọn tó ń mu ife 1 sí 3, àti àwọn tó ń mu ju 3 lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn wọn, wọ́n sì wọn bí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe gan tó. Òpó ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń mu púpọ̀ kò gan ju ti àwọn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu lọ. Nítorí náà, ní ti líle bí igi, ọ̀rẹ́ yín ní àṣàlátù lè fọkàn balẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí 25 yẹn ti wá. Kì í ṣe pé wọ́n fún àwọn èèyàn ní ife 25 mu kí wọ́n wá rí i pé kò sí wàhálà. Àwọn tó ń mu ju 25 lọ ni wọ́n yọ kúrò nínú ìṣirò. Nínú àwọn tó ń mu jù, ife 5 lójúmọ́ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pín in dọ́gba. Ohun tó kàn yín jù ni pé wọ́n yọ àwọn tó ti ní àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn ló gbé 25 sókè nítorí pé ó dùn ún kà. Èmi kò ní fún aláìsàn mi kankan láyè láti mu ìdajì rẹ̀.

Àwọn ará Kòríà náà wo ìkejì, ìyẹn ojú ọ̀nà tó ń há. Ní 2015, wọ́n kọ èsì àyẹ̀wò èèyàn 25,138 jáde, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tí kò sì sí àmì àrùn ọkàn lára wọn. Wọ́n wá ẹfun, ìyẹn kálísíọ́ọ̀mù, tó máa ń dì sí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn, nítorí ibi tí ẹfun bá ti dì, ọ̀rá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń mu ife 3 sí 5 lójúmọ́ ni ẹfun yẹn kéré jù lára wọn. Èyí kò túmọ̀ sí pé kọfí ló dáàbò bò wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ́ ẹni tó ń mu kọfí tẹ́lẹ̀, tí aláìlera sì ti pa á tì. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀rù tí wọ́n ń dá bà wá lórí kọfí fúnra rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ó wá kan ìkòkò.

Hóró kọfí ní òróró nínú, bí ẹ̀pà ṣe ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò tó ti ẹ̀pà. Nínú òróró yẹn ni èròjà kan wà tó ń jẹ́ cafestol. Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú kọfí rárá, àmọ́ bí cafestol bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ ló máa ń dí lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti máa gba kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó fi ṣe omi òróòro. Cafestol kì í jẹ́ kó rí i ṣe bó ṣe yẹ, èyí tó burú nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní LDL, á wá máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. LDL yìí gan-an ló ń kó sínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ń jẹ tó ń mu, agbára káká ni ẹ fi máa rí èròjà kan tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sókè tó cafestol.

Àwọn ará Nọ́wè ló jẹ́ kí ayé mọ̀. Ìlú kan wà ní àríwá orílẹ̀-èdè wọn, Tromsø, ibi tí òtútù ti ń mú gan-an, tí kọfí kò sì kúrò lórí iná. Bí ẹ ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ ni àwọn náà ń ṣe é: wọ́n á da lúbúlúbú sínú omi, wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á máa da òkè rẹ̀ mu. Ní 1983, àwọn dókítà ibẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí èèyàn bá ṣe ń mu kọfí sí i ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó ya àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu, torí pé níbòmíràn, wọn kò rí i kó hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n rí ìyàtọ̀: àwọn ìyókù ń fi bébà sẹ́ kọfí tiwọn, àwọn ará Tromsø ń sè é. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ní Netherlands wá rí i pé inú òróró rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bébà máa ń dá òróró yẹn dúró, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ kínún ló ń bọ́ sínú ife. Asẹ́ onírin tàbí ti rọ́bà kò lè dá a dúró, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mú.

Ní 2020, àwọn ará Nọ́wè tún gbé iṣẹ́ ńlá mìíràn jáde. Èèyàn 508,747 ni wọ́n tọ pinpin fún nǹkan bí 20 ọdún, láti ẹni 20 ọdún dé ẹni 79. Àwọn tó ń mu kọfí tí a fi bébà sẹ́ kò kú tó àwọn tí kì í mu kọfí rárá. Àmọ́ láàárín àwọn ọkùnrin tó ti pé 60 ọdún sókè, àwọn tó ń mu kọfí tí a kò sẹ́ ni àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ ń pa jù. Àlàájà, Alhaji jẹ́ ẹni 68. Ìkòkò yẹn kàn wọ́n ju bó ṣe kàn yín lọ.

Ẹ kò ṣe àṣìṣe tó yẹ kí ojú máa tì yín fún. Ilé wa la ti kọ́ pé ohun tó bá jẹ́ ewé, èèpo tàbí hóró, ńṣe là á sè é kí agbára rẹ̀ lè jáde. Ti kọfí ni òróró rẹ̀ máa ń bá agbára rẹ̀ jáde. Bó bá sì ṣe ń pẹ́ nínú omi gbígbóná, tí ẹ tún ń gbé e kaná, bẹ́ẹ̀ ló ń jáde sí i.

Nítorí náà, omi nìkan ni kí ẹ máa gbé kaná. Ẹ gbé asẹ́ tíì sórí fíláàsì, ẹ tẹ́ bébà asẹ́ kọfí sínú rẹ̀, ẹ da kọfí sí i, ẹ wá rọra máa da omi gbígbóná lé e lórí títí yóò fi sẹ̀ tán. Ẹ ju bébà náà nù pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Tíṣù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má sì dán ìwé ìròyìn wò láé, nítorí tàdáwà rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí bébà náà rà ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní Òṣogbo, ẹ ní kí ọmọ yín fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kọfí. Kò wúwo, kò sì wọ́n. Kọfí tó ń yòrò nínú omi, ti inú agolo tàbí ti ọ̀rá, kò ní cafestol tó nǹkan, òun náà lè dípò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ bá ti fi ìkòkò sílẹ̀, èyí tí cafestol gbé sókè nínú LDL yín yóò ti máa wálẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ báyìí kí ẹ tó yí i padà, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí Alhaji náà ṣe é. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro, wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn yunifásítì UNIOSUN.

Ọ̀rọ̀ 164/98 ló kù, òun ló sì lé oorun lójú yín. Nínú ara wa, ohun kan máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ wá, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Kafíìnì inú kọfí máa ń lọ jókòó sórí àga tiẹ̀. Oorun á lọ, òpó ẹ̀jẹ̀ á sì fún díẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, nọ́ńbà òkè lè fi 5 tàbí 10 lọ sókè, ó sì lè tó wákàtí mẹ́ta kó tó wálẹ̀. Ara ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ máa ń mọ̀ ọ́n lára, kì í gbé tiẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin mu kọfí tán, ẹ rìn nínú oòrùn dé kẹ́mísì, ẹ̀rù ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ sì wà nínú yín. Gbogbo rẹ̀ ló dá sí nọ́ńbà yẹn.

Ẹ má wá torí èyí sọ pé “àṣé kọfí ni” kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ká tiẹ̀ yọ 10 kúrò fún kọfí, 154 ló kù, 140/90 sì ni a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ń lo oògùn láti ọdún mẹ́rin kò yẹ kó ṣì wà níbẹ̀. Bóyá oògùn náà kò tó mọ́, bóyá ẹ ti ń fò ó nígbà mìíràn, bóyá iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ ló pọ̀. Ìyẹn ni dókítà yín gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀.

Láti mọ òótọ́ rẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wọ̀n ọ́n nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Láàárọ̀, kí ẹ tó mu kọfí, kí ẹ tó lo oògùn, ẹ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ibi tó bá ọkàn dọ́gba. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má dá ẹni tó ń kí yín lójú wíńdò lóhùn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn. Ẹ ṣe bákan náà nírọ̀lẹ́, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ohunkóhun tó ní kafíìnì. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ fi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ ṣírò ìyókù, ẹ pín in dọ́gba. Nílé, 135/85 ni ààlà. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ náà, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó mu kọfí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fi ju 10 lọ sókè, ara yín kò gba kọfí bí ti ẹlòmíràn.

Ìdí tí mo fi ń fa èyí gùn ni ìwádìí kan láti Jàpáànù tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022. Èèyàn tó lé ní 18,000 ni wọ́n tọ pinpin fún bí ọdún 19. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru dé 160/100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń mu ife kọfí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ fi ìlọ́po méjì kú nípa àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ ju àwọn tí kì í mu ún lọ. Àwọn tó ń mu ife kan kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí BP tiwọn kò dé ibẹ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ti yín bá wà lábẹ́ 135/85 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ife méjì lójúmọ́ tí a fi bébà sẹ́ kò ní pa yín lára, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ife kan, kí ẹ sì gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà yín kó tún oògùn wò. Bó bá ń dé 160/100, ẹ fi kọfí sílẹ̀ pátápátá títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí kí ẹ tó rí dókítà. Bó bá di 180/120 lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí àyà bá ń dùn yín, tí ẹnu bá wọ́ sápá kan, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́mísì.

Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ dín in díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, orí á máa fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, orí fífọ́ tí àwọn onítíì àti oníkọfí máa ń ní ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ nìyẹn. Kí ààwẹ̀ tó wọlé ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù.

Ẹ kò sọ ohun tí ẹ ń dà sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ mílíìkì alágolo tó nípọn dídùn, tàbí ṣúgà oníhóró mẹ́rin mẹ́rin, a jẹ́ pé a ní ẹjọ́ mìíràn. Ẹ yí ẹ̀yìn ọ̀rá kọfí alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù wò, ẹ ó rí i pé ṣúgà àti ìyẹ̀fun mílíìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kọfí ló kéré jù.

Ẹ kò sì sọ̀rọ̀ obì. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú mi, torí pé èèyàn á ní òun kì í mu kọfí rárá, obì gbànja á sì wà lápò rẹ̀. Kafíìnì kan náà ló wà nínú obì. Nínú èyí tó ti gbẹ, ó máa ń tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀. Ilé ìwádìí kan náà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, CRIN, ló ń bójú tó kòkó, kọfí, obì àti tíì fún orílẹ̀-èdè wa, mo sì máa ń rò ó pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kafíìnì ló so wọ́n pọ̀. Orógbó kò sí lára wọn. Ẹ ka obì mọ́ kọfí. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáká, 400 mílígíráàmù kafíìnì lójúmọ́ ni àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ní kó má kọjá. Ife kọfí tí a sẹ́ kan lè ní bíi 95, èyí tó ń yòrò bíi 60, agolo kékeré ohun mímu amára-jí-pépé tí àwọn ọmọ ń mu ní ìdí kọ̀ǹpútà bíi 80.

Ẹ má mu ún lẹ́yìn Àsárì. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ bá mu kọfí tán, nǹkan bí ìdajì kafíìnì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Oorun tí kò tó máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹ ó sì máa ronú pé oògùn ni kò ṣiṣẹ́.

Bàbá mi kò fi ẹnu kan kọfí rí. Obì ni tiwọn, òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n tó ki ọ̀rọ̀ bọ ẹnu. Lọ́jọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn gúnlẹ̀, gbogbo ẹbí ló gbé ẹ̀bi ru obì, wọ́n kó èyí tó kù nínú ilé dànù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ wọn BP wọn láyé. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 66, wọ́n sì ní ọmọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ìdí nìyí tí mo fi ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ń wá ohun kan tí n kò rí. Ẹ sọ BP tiyín fún mi, ẹ sọ ọdún tí ẹ ti ń lo oògùn, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ti Alhaji kò sí níbẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn, kí wọ́n jókòó sórí àga yẹn lọ́la kí ẹ tó gbé omi kaná, ẹ so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá kí ẹ tó so ó mọ́ tiyín, ẹ sì kọ iye tó jẹ́ ránṣẹ́ sí mi.